Tí wọ́n bá ní "Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?" níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ni kí n bi wọ́n?

Ọmọ Apẹ́tẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo kí àwọn àgbà, mo kí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Ìṣirò owó ni mo kọ́ ní Poly Ìbàdàn. Mo sin ilẹ̀ baba mi tán lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tó kẹ́yìn ló sì dùn mí jù. Àdúgbò Dùgbẹ̀ ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, ọkùnrin méjì, màmá kan wà láàárín wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn. Mo rí i pé màmá yẹn ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Ó dáa. Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè tí o fẹ́ bi wá?" Mo ní, "Rárá mà, gbogbo ẹ̀ ti yé mi." Bíírò ti wà lórí ìwé, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó fi ọmọrí bíírò náà dé e, ó pa fáìlì dé, ó ní kí n máa lọ, àwọn á pè mí. Wọn ò pè mí títí di òní.

Ní Ọjọ́bọ̀ yìí, aago 10 àárọ̀, mo ní òmíràn ní Ring Road. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù elégbòogi ni, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn ṣe ìwé owó. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, ọmọdé kì í jókòó níwájú àgbà kó máa da ìbéèrè bò wọ́n. Ṣé kò ní dà bíi pé mo ya aláfojúdi? Tí mo bá sì máa béèrè, èwo ni kí n béèrè, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ẹ ṣeun o.

Ọmọ Ọjàaba

Má béèrè owó oṣù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Tèmi nìyẹn. Àwọn àgbà ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Ọmọ mi, kú ìgbìyànjú. Ọdún 22 ni mo fi jókòó sí òdìkejì tábìlì yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí a bá ní ṣé o ní ìbéèrè, kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìyẹn dágbére fún ẹ. Ó wà lára ohun tí a pè ẹ́ wá ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa débẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí ìwé-ẹ̀rí wọn jọra, tí gbogbo wọn sì dáhùn dáadáa. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ ẹni tó ti jókòó ronú sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní òun ò ní ìbéèrè, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé iṣẹ́ yòówù ló ń wá, kì í ṣe tiwa. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo kọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì, ni ìbéèrè àga. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àyè tuntun ni èyí, àbí ẹnìkan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Fetí sí ìdáhùn yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá ní àyè tuntun ni, a jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí, ìwọ lo máa lànà. Bi wọ́n pé ta ló ń ṣe é di àsìkò yìí. Tí wọ́n bá ní wọ́n gbé ẹni náà sókè ni, ilé tí èèyàn ti ń gòkè nìyẹn, fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá ní ó kúrò, dákẹ́ díẹ̀, má tíì sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn á fi kún un. Ojú wọn ni kí o máa wò nígbà náà. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó bi wá bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá tó jókòó tì mí kọjú sí fèrèsé kó tó dá a lóhùn. Èèyàn mẹ́ta ló ti kúrò lórí àga yẹn láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, ọ̀gá yẹn gan-an ni wọ́n ń sá fún. Ọmọ náà rí i. Nígbà tí a fún un níṣẹ́, ó kọ lẹ́tà wá pé òun dúpẹ́, òun ò ní lè wá. Mi ò bínú sí i, inú mi dùn pé ó lójú inú.

Èkejì: "Tí ẹ bá gbà mí, kí ni ẹ máa fẹ́ kí n ti ṣe yanjú kí oṣù mẹ́ta tó pé?" Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń fi oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà wo ọwọ́ èèyàn kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń wò, báwo ló ṣe máa yege?

Ẹ̀kẹta, pàápàá tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìdílé, èyí tó pọ̀ jù nílùú wa: "Ta ni mo máa wà lábẹ́ rẹ̀?" Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá àti àbúrò ọ̀gá ti jọ ń rán akọ̀wé kan ṣoṣo níṣẹ́ láàárọ̀ kan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń bínú pé kò tíì ṣe tòun.

Èyí tí o kò gbọ́dọ̀ béèrè ni ohun tó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹni tó bi mí pé "Kí ni ilé-iṣẹ́ yín ń ṣe?" kò mọ ibi tó wá.

Ayékòótọ́ Mọ́níyà

Mi ò fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ọjàaba sọ pátápátá, ẹ má bínú. Èmi náà gbọ́ pé kí n má béèrè owó, mo sì pa ẹnu mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Challenge ló gbà mí, Mọ́níyà ni mò ń gbé. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè aago, mi ò béèrè ọjọ́ Àbámẹ́ta, mi ò béèrè iye. Ìparí oṣù ni mo tó mọ̀ pé 75,000 náírà ni. Mọ́níyà sí Òjòó, Òjòó sí Ìwó Road, Ìwó Road sí Challenge, àlọ àtàbọ̀, 1,800 ni mò ń san lójúmọ́, Àbámẹ́ta náà sì wà níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 26, 46,800 ti bá ọkọ̀ lọ. 28,200 ló kù, mi ò sì tíì jẹun ọ̀sán. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Tó bá ti di bí ogúnjọ́ oṣù, ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ló ń fún mi lówó ọkọ̀ kí n lè lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó tú owó náà kúrò nínú ìdí ìró, tó ń ka á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo pinnu pé mi ò ní lọ mọ́.

Nítorí náà, tí ti owó kò bá tíì yá, ti aago yá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó la máa ń wọlé, aago mélòó la máa ń ṣíwọ́, ṣé a máa ń wá ní Àbámẹ́ta?" Kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ ní olójúkòkòrò nítorí ìyẹn. Apẹ́tẹ̀ sí Ring Road kì í ṣe ìrìn kékeré, tí ìdínà ọkọ̀ bá ti wà ní Sángo, ìwọ náà mọ̀.

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Òótọ́ ni Ayékòótọ́ sọ, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Owó kì í ṣe èèwọ̀, àsìkò rẹ̀ ni ká mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ẹ́ pé "a fẹ́ gbà ẹ́", kí ìwọ tó ní "mo gbà", ọjọ́ yẹn gan-an ni. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn ló kọ́kọ́ bi ẹ́ pé èló lo fẹ́, má kàn já iye kan lulẹ̀. Ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iye wo lẹ ti yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí?" Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, béèrè bóyá ohun tó máa dé ọwọ́ ẹ nìyẹn, àbí kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi iye kan sọ́kàn, tí òmíràn ń wọ báńkì wọn. Kí o sì rántí pé láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbà.

Bàbá Agodi

Mo kí gbogbo yín. Sẹkitéríàtì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó gbọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá wáṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àfojúdi tí ọmọ wa dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ mú. Yorùbá ò ní kí ọmọdé má béèrè o. Ohun tí wọ́n ní ni pé kó mọ bí a ṣe ń béèrè. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá bi ọ̀gá rẹ̀ pé báwo ni ẹ ṣe gé ọrùn yìí, ọdún mẹ́ta á pé, kò ní lè gé ọrùn bùbá. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ fẹ́ràn ọmọ tó ń béèrè. Èyí tó kàn ń mi orí ló ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

Bí wàá ṣe ṣe é nìyí. Kọ́kọ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà sọ iye tí o ní: "Ẹ ṣeun mà, mo ní méjì, tí àyè bá wà." Ọkàn wọn á balẹ̀ pé o kò ní fi wọ́n síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n parí ìdáhùn kí o tó mú èkejì. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dé tí ẹ". "Kí ló dé" máa ń dún bíi pé o ń bá wọn jà. "Báwo ni ẹ ṣe máa ń" ló dára, ó dún bíi pé o fẹ́ kọ́ iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kíyè sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi ẹ́ níbẹ̀, òun náà lo máa fi dáhùn. Èdè yẹn kò ní "ẹ". "Ìwọ" àti "ẹ̀yin" jẹ́ ọ̀kan náà níbẹ̀. Nílé, "ẹ" nìkan ti tó láti gbé ọ̀wọ̀. Níbẹ̀, ohùn rẹ ló máa gbé e. Nítorí náà, ro ìbéèrè náà ní Yorùbá kí o mọ ohun tí o fẹ́ gbọ́ gan-an, lẹ́yìn náà kí o sọ ọ́ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnìkan nílé gbọ́ ọ. Sọ ọ́ tó ìgbà márùn-ún. Èyí tí èèyàn kò bá tíì fi ẹnu sọ rí, tó kàn wà lọ́kàn, ó máa ń fọ́ lẹ́nu níwájú àjèjì.

Ọmọ Apẹ́tẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, màmá, ẹ ṣeun, bàbá. Bọ̀ọ̀dá Ayékòótọ́, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún yín ní èyí tó dáa jùyẹn lọ. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìbéèrè kan: tí wọ́n bá ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ béèrè kó tó kan èmi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Mú márùn-ún lọ, kí o lè béèrè méjì. Tí wọ́n bá sì ti sọ márààrún tán, mú ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ, kí o tẹ̀ ẹ́ síwájú: "Ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹ ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo ni ìwé owó ibẹ̀ ṣe máa ń dé ọ̀dọ̀ yín?" Ìyẹn dùn létí ju èyí tí o gbé wá láti ilé lọ, torí wọ́n mọ̀ pé o ń fetí sílẹ̀. Kò burú kí ìwé kékeré wà lọ́wọ́ ẹ. Fóònù ni kí o má yọ.

Elégbòogi Mọ̀kọ́lá

Mo rí ọ̀rọ̀ yìí ní alẹ́ yìí ni, mo sì rò pé mo lè ràn ọ́ lọ́wọ́, àbúrò, torí ọwọ́ irú ilé-iṣẹ́ tí o ń lọ yẹn ni mo ti ń rajà.

Ohun tó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa àti wọn kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni gbèsè. Wọ́n máa ń gbé ọjà fún wa láwìn, ká san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé. A kò lè tà á mọ́, a fẹ́ dá a padà, wọ́n á ní kò sí lákọsílẹ̀, àwa á ní awakọ̀ yín ló gbé e lọ, ìwé tó fọwọ́ sí sì ti sọnù. Mo ní páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ti wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà òjò tó kọjá nítorí irú èyí. Mo kọ ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn á wá gbé e sára rẹ̀, mo fa igi sí i, mo kọ òmíràn, mo tún fa igi sí i.

Nítorí náà, bi wọ́n báyìí: "Báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣe ìwé oògùn tí àwọn oníbàárà bá dá padà?" Àti, "Ta ló máa ń tẹ̀ lé gbèsè, ẹni tó ń ṣe ìwé owó ni àbí àwọn tó ń tajà?" Èkejì yẹn ṣe pàtàkì fún ara ẹ. Tí wọ́n bá ní ẹni tó ń ṣe ìwé owó ni, a jẹ́ pé o máa jáde sínú oòrùn, o máa lọ ká owó láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kí o mọ̀ kí o tó gbà.

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Elégbòogi, ẹ ṣeun, ẹ ti là á já. Ọmọ mi, gbé ti oògùn tí wọ́n dá padà yẹn síwájú gbogbo èyí tí èmi sọ.

Tíṣà Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa olùkọ́ kún un, torí àwọn tó ń ka èyí pọ̀. Tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ẹ má jáde níbẹ̀ láìbéèrè: "Ṣé ẹ máa ń san owó oṣù ní ìsinmi gígùn?" Oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹ máa kọ́ wọn. Wọ́n gba èmi fún ìṣirò. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ òwò, mo sì ń dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ilé ìwòsàn aládàáni: òru mélòó lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n máa ń fi sí wọ́ọ̀dù lóru kan. Ìdáhùn èkejì ló máa jẹ́ kí o mọ̀ bóyá wàá rí omi mu.

Ọmọ Báńkì Tẹ́lẹ̀

Fún àwọn tó ń lọ sí báńkì: ẹ béèrè pé lẹ́tà ta ni ẹ máa gbà, ti báńkì gan-an ni àbí ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá báńkì wá òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì lè jọ jókòó sí káńtà kan náà, kí ẹ wọ irú aṣọ kan náà, kí owó oṣù yín máa yàtọ̀ bí ilẹ̀ àti òkè, kí ọ̀kan má sì ní ọ̀nà láti gòkè. Tí wọ́n bá dárúkọ tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye owó tí wọ́n máa ní kí ẹ wá wọlé fún báńkì, ẹ béèrè iye rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá bá a. Mi ò béèrè. Àwọn ìbátan mi ni mo fi kún tágẹ́ẹ̀tì mi ní oṣù àkọ́kọ́. Ní oṣù kejì, mi ò ní ìbátan mọ́ tí mi ò tíì dà láàmú.

Agbẹjọ́rò Ilé Wa

Díẹ̀ nípa òfin, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀tọ́ jẹ́ kí ẹ tó béèrè.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 7, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti ìsinmi rẹ̀, kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. "Lẹ́tà ń bọ̀" ní òpin, nítorí náà ó tọ́ láti béèrè pé, "Ìgbà wo ni mo lè máa retí lẹ́tà mi?" Abala 18 fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ní ìsinmi tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó. Abala 11 sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò tàbí kí wọ́n tó dá a dúró: ọjọ́ 1 tí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ 1 tí kò bá tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ 2 láti ọdún méjì títí dé ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù 1 láti ọdún márùn-ún lọ sókè.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n gbà sípò ọ̀gá tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ ni yóò gbà á. Tiwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n béèrè jù.

Ní ti ìfẹ̀yìntì, Òfin 2014 kan ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ á san ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ, ìwọ á san ìdá 8. Tí wọ́n bá ń yọ ìdá 8 tìẹ, béèrè bóyá ìdá 10 tiwọn ń wọlé.

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí èèyàn ṣe tí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa bímọ? Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ ní àárín ọdún yìí. Ojú tì mí, mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Agbẹjọ́rò Ilé Wa

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Abala 54 òfin yẹn kan náà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà kí ó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn náà fúnra wọn, o lè béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Báwo ni ìlànà yín ṣe rí fún ìsinmi ìbímọ?"

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Àwa kan máa ń bi àwọn ọmọbìnrin ní ìbéèrè yẹn láyé àtijọ́, kò dáa, mo sì sọ ọ́ níbi iṣẹ́ mi títí wọ́n fi yéé bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọbìnrin tí wọ́n bá bi ni kó dáhùn pẹ̀lú iṣẹ́: "Mà, ètò mi ni láti dúró pẹ́ níbí, kí n sì ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa." Kí o fi ìbéèrè ti ìlànà wọn tẹ̀ lé e, bí Agbẹjọ́rò ṣe wí. Má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọ̀dọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ òkè òkun tí ẹ máa ṣe láti ilé: aago ta ni ẹ máa tẹ̀ lé? Toronto fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí 6 nígbà òtútù. Aago 9 àárọ̀ wọn lè jẹ́ aago 3 ọ̀sán yín, ẹ ò ní ṣíwọ́ títí di aago 11 alẹ́. Kí ẹ sì béèrè ta ló máa san dátà àti iná.

Ọmọ Ìwó Road

Àwọn ọmọ wa, ẹ má gbàgbé àwọn oníjìbìtì. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín pé ẹ ti wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹ kò kọ̀wé fún. Ẹ ó débẹ̀, ẹ ó bá ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n á ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n béèrè: "Orúkọ wo ni ilé-iṣẹ́ yín fi wà ní CAC?" (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) àti "Kí ni owó yìí wà fún?" Èèyàn lè fi fóònù wo orúkọ yẹn lórí ìkànnì CAC níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún ẹ níṣẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹ. Ẹ yí padà, ẹ wá ọkọ̀ wọ̀.

Ọmọ Apẹ́tẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Òjò rọ̀ láti Apẹ́tẹ̀ dé Sángo. Mo kó bàtà mi sínú ọ̀rá, mo wọ sílípáàsì wọnú ọkọ̀ Micra, ẹnu géètì wọn ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì ló jókòó, ọ̀gá kan àti àǹtí kan tó jẹ́ olórí ìṣirò owó. Wọ́n bi mí ní ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìwé owó, mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, mo sì sọ fún wọn pé mi ò tíì lo irú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò rí, ṣùgbọ́n mo lè kọ́ ọ.

Nígbà tó wá kàn mí, mo ní, "Ẹ ṣeun sà, ẹ ṣeun mà. Mo ní méjì, tí àyè bá wà." Ọ̀gá wo aago, ó ní ó yá. Bàbá Agodi, mo ti sọ ọ́ fún àbúrò mi ju ìgbà márùn-ún lọ, kò fọ́ lẹ́nu mi.

Mo kọ́kọ́ béèrè ti oògùn tí wọ́n dá padà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àǹtí yẹn dìde, ó mú ìwé ńlá kan sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i síwájú mi. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, iye páálí, ọjọ́ tí oògùn máa pé, wọ́n sì fa bíírò pupa sábẹ́ àwọn kan. Ó ní, "Èyí gan-an ni wàhálà wa. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá ìwé páálí méjì lóṣù tó kọjá." Ó wá bi mí pé tó bá jẹ́ èmi, báwo ni màá ṣe tò ó. Mo ní màá fún awakọ̀ ní ìwé oníwèé mẹ́ta, kí ọ̀kan kù sí ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí nọ́ńbà wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti àga ni mo béèrè tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ ń lọ kàwé sí i, ó ṣì wà títí di ìparí oṣù, òun ló máa fi iṣẹ́ han ẹni tí wọ́n bá gbà. Ojú wọn ò yí padà. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo béèrè ìgbà tí mo lè máa retí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní kó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mi ò béèrè owó. Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà mí.

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Ọmọ mi, o káre. Ó ku ohun kan. Kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí wọn lórí ímeèlì lálẹ́ yìí, ìlà mẹ́ta ti tó. Mẹ́nu ba ìwé oògùn yẹn níbẹ̀, kí wọ́n lè rántí ẹni tó ń kọ̀wé. Tí Ọjọ́rú bá kọjá tí o kò gbọ́ nǹkan kan, pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ Apẹ́tẹ̀

Mo ti kọ ọ́ mà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ohun tó sọ nìyí: "Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ fún mi lónìí. Mo ń ronú sí ìwé àwọn oògùn tí wọ́n dá padà tí ẹ fi hàn mí, inú mi á sì dùn láti bá yín tò ó. Mo ń retí ọ̀rọ̀ yín ní Ọjọ́rú." Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Olúyọ̀lé

Ó dáa. Fi ránṣẹ́.